Ẹni Tó Kọ́ Ọ Lédè Ló Tì Sábẹ́ Bọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin tèmi tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ wá ìdí jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ti aládùúgbò, inú ilé mi ló ti jáde. Sewwandi, ọmọ ọmọ mi tí mo fi omi ìrẹsì tọ́ dàgbà, ló ṣe é. Òun náà ló sì ní kí n rò ó fáyé gbọ́.

Mo ní, "Ṣé kí n fi orúkọ mìíràn pè ọ́?"

Ó ní, "Rárá, Màmá Àgbà. Orúkọ ẹlòmíràn ni mo kọ́kọ́ fi bo ara mi. Ẹ má tún fi òmíràn bò mí."

Ó dáa. Sewwandi ni, ọmọ abúlé kan lẹ́yìn ìlú Bibile, ọmọ ẹni tó ń gba oje igi rọ́bà.

Ní ilẹ̀ wa níbí, idà ni wọ́n ń pe èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti di èèkù mú. Àwa tí a kò gbọ́ ọ, ojú idà ló wà lọ́wọ́ wa. Gbogbo ayé ló ń fẹ́ ẹ, gbogbo ayé ló sì ń bínú sí ẹni tó ní in.

Nígbà tí Sewwandi wọ yunifásítì lókè àwọn òkè tútù yẹn, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: kó di lọ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka òfin ní ẹnu ọ̀nà tóóró. Ìdánwò ẹnu wà ní òpin ọdún àkọ́kọ́, ìyẹn sì wà lọ́wọ́ Ìyáàfin Kumudini, obìnrin kan tí kì í fi gírámà dá ẹnikẹ́ni lágara. Àkànlò èdè ló máa ń bèèrè. Á dárúkọ ọ̀kan, ìwọ á sọ ìtumọ̀ rẹ̀, wàá sì fi àpẹẹrẹ gbè é lẹ́sẹ̀. Bí o bá kùnà, ẹ̀ka òfin di ohun tí ò ń wò láti òkèèrè.

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ayé ṣe rí? Olùkọ́ ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn, ìdánwò ń bèèrè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sì ní ọmọ tuntun kankan kò gbọdọ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ibùgbé.

Nirupa ni olórí wọn lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Àgékù obìnrin tín-ínrín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń ṣí fèrèsé. Ní ọjọ́ tí wọ́n dé, ó to àwọn ọmọ tuntun sí gbàgede bí ẹni to ìkòkò.

"Irun dídì méjì! Síkẹ́ẹ̀tì tó kan kókósẹ̀! Sálúbàtà lásán! Ẹni tó bá fa idà yọ nínú ilé yìí, a ó fi idà náà gé e kúrò lára wa. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, ẹ̀gbọ́n!"

"Mi ò gbọ́ yín o."

"A gbọ́, ẹ̀gbọ́n!"

"Ìwọ gíga yẹn, ọmọ Colombo. Kí ni wọ́n ń pe ohun tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ?"

Ọmọbìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sewwandi la ẹnu, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó sì yára gbé e mì. "Bàtà ni, ẹ̀gbọ́n."

"Bàtà gbà ẹ́ là lónìí."

Shenali lorúkọ ọmọ náà, yàrá kan náà ni wọ́n sì fún òun àti Sewwandi. Kí ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ Nirupa gbọ́ o, gígé kúrò kì í ṣe eré. Ẹni tí wọ́n bá gé, kò sẹ́ni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ títí tí yóò fi parí ẹ̀kọ́. Kò sẹ́ni tí yóò bá a jẹun, kò sẹ́ni tí yóò yá a ní ìwé. Tó bá ṣubú lulẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò ní "pẹ̀lẹ́."

Shenali jẹ́ ẹlẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní ló ti ń fi ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ kan ní Negombo pa gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́rìn-ín, Ọ́ńkù Neville, ọkùnrin oníkùn-ńlá tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àfi bí wọ́n bá fẹ́ pín kéèkì. Nirupa pàápàá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín, kó tó rántí pé òun ni olórí.

Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú ńlá Colombo yìí kò mọ aṣọ ọ́ fọ̀. Ẹ̀yìn ilé ni àwọn òkúta ìfọṣọ wà, omi ẹ̀rọ méjì ń ya níbẹ̀ bí òjò. Shenali gbé bùláòsì rẹ̀ sórí òkúta, ó ń rọra pa á lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Sewwandi bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ò ń fọ̀ ọ́ ni àbí ò ń bẹ̀ ẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n ni? Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́ nílé wa."

"Gbé e wá. Wò ó, báyìí." Pàà! Ó là á mọ́ òkúta, ọṣẹ fọ́n ká.

Shenali nu ojú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Kọ́ mi ní ti òkúta, kí n kọ́ ẹ ní ti Ìyáàfin Kumudini."

Bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn àgbà bá wà ní kíláàsì, wọ́n á ṣí omi ẹ̀rọ méjèèjì kó máa pariwo, wọ́n á sì máa fọṣọ. Aṣọ kan, àkànlò kan.

"Kí ni 'ta garawa nípàá'?" Pàà!

"Kéèyàn kú."

"Kí wá ni garawa ṣe fún òkú?"

"Má bi mí, èmi kọ́ ni mo dá Gẹ̀ẹ́sì. Ọ́ńkù Neville ní ajá kan, àjẹkì ló mú un ta garawa nípàá lọ́jọ́ Kérésìmesì."

"Èyí tó kàn."

"'Fọ́ yìnyín.' Kéèyàn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbi tí àwọn àlejò ti ń wo ara wọn. Ọ́ńkù Neville fọ́ yìnyín nílé òkú, ó bi opó pé èló ni pósí."

"'Fi èjìká tútù han ènìyàn'?"

"Kó o mọ̀ ọ́n, kó o ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó Ọ́ńkù Neville fi èjìká tútù hàn án títí di Ọdún Tuntun, torí ó gbàgbé ọjọ́ ìbí rẹ̀."

Sewwandi ń rẹ́rìn-ín, ó ń há a sórí. Há a sórí ni mo wí o. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn láti ilé ẹ̀kọ́ abúlé nìyẹn: olùkọ́ á sọ, ọmọ á sọ, ẹnu kì í bi inú léèrè. Àkànlò, ìtumọ̀, àpẹẹrẹ, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì lódindi, Ọ́ńkù Neville àti ikùn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kan Shenali ní, "'Ju ènìyàn sábẹ́ bọ́ọ̀sì.'"

"Kí nìyẹn? Nílé wa, ṣe là ń rọ̀ mọ́ bọ́ọ̀sì."

"Ìyà ń bọ̀ wá bá ẹ, o wá ti ẹnì kejì ẹ síwájú kó jẹ tìẹ. Pàápàá ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ẹ."

"Àpẹẹrẹ?"

Shenali fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó ronú títí. "Kò sí. Ọ́ńkù Neville burú, àmọ́ kò burú tó ìyẹn."

Bí wọ́n ṣe fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn.

Ìwà Sewwandi kan wà tí mo mọ̀ láti kékeré: inú rẹ̀ kì í dùn ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ọ̀sán kan, ojú ọ̀run ṣú, òjò ya lulẹ̀ bí ẹni fọ́ ìkòkò omi. Àkànlò èdè kan wà tí àwọn Òyìnbó ń sọ bí òjò bá pọ̀ jù, wọ́n ní ajá àti ológbò ló ń rọ̀. Sewwandi jó wọ inú òjò, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì kígbe rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì gbọnmọ-gbọnmọ.

Àfi bí omi ẹ̀rọ ṣe dákẹ́ lójijì. Ẹ mọ omi ìjọba, kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó lọ. Ohùn ọmọ mi wá dúró ní ìhòòhò.

Wọn kò mọ̀ pé Nirupa kò ní kíláàsì lọ́jọ́ náà. Ó yọ ní igun ilé pẹ̀lú agboòrùn.

"Ta ló fa idà yọ níbí?"

Ó rìn sún mọ́ òkúta ìfọṣọ.

"Ẹ̀yin ni mò ń bá wí! Àbí òkúta ló ń sọ Gẹ̀ẹ́sì?"

Shenali gbé ojú sókè. Ó kàn wo Sewwandi. Sewwandi ní kì í ṣe ojú ẹ̀bẹ̀, ojú ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni, bí ẹni tó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò tó mọ̀ dáadáa.

Sewwandi ronú kan bàbá rẹ̀ nídìí igi rọ́bà. Ó ronú kan ìwé tí àwọn àgbà ń yá a, èyí tí kò lè ṣe kó má kà. Ó rí ara rẹ̀ tó ń dá jẹun. Ẹnu rẹ̀ yára ju ọkàn rẹ̀ lọ.

"Òun ni, ẹ̀gbọ́n."

"Òun wo?"

"Shenali."

"Mo ti mọ̀!" Nirupa fi agboòrùn gbá ògiri. "Ọmọ Colombo! Wọ́n fi wàrà inú agolo tọ́ ẹ, o wá ń kọ idà sí ọmọ tálákà lójú! Ṣé irọ́ ló pa mọ́ ẹ?"

  Bùláòsì Sewwandi ló wà lọ́wọ́ Shenali. Ó fún un gbẹ, ó sá a sórí okùn lábẹ́ òrùlé, ó sì nà án kó má baà rún.

"Ẹ bi ẹni tó sọ̀rọ̀," ló wí, ó bá wọlé.

Wọ́n dájọ́ rẹ̀ ní ilé oúnjẹ lọ́jọ́ kejì. Nirupa gun orí bẹ́ǹṣì. "Láti òní lọ, ẹni yìí kò sí. Ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀, òun náà kò sí." Ó wá na ìka. "Sewwandi! Ìwọ lo gbọ́ ọ. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ yíjú."

Tábìlì kan náà ni òun àti Shenali jókòó sí. Shenali ti ya àgbọn àti ata tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún un, torí ó mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Sewwandi gbé ìrẹsì rẹ̀, ó dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ní ohun tó ta sí òun lọ́kàn nígbà náà ni "èjìká tútù," àti ìyàwó Ọ́ńkù Neville.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, nítorí òótọ́ ló ní kí n sọ: lẹ́yìn ìyẹn, ayé dùn mọ́ ọn.

Wọ́n mú un lọ sí yàrá mìíràn, lẹ́bàá fèrèsé. Àwọn àgbà ń gé máńgòrò fún un. "Ọmọ ilẹ̀ gidi! Ọmọ Bibile!" Wọ́n kó gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ tiwọn ti ọdún àtẹ̀yìnwá fún un. Nígbà tí eré bá sú wọn, wọ́n á ní, "Sewwandi, ṣe bíi Shenali ká rí i." Ọmọ mi á wá fi imú sọ̀rọ̀, á gbé orí sókè, á máa rìn bí ẹyẹ àkọ̀, gbogbo wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kú. Shenali sì wà lẹ́yìn ògiri, ó ń gbọ́.

Nígbà tí ó bá di pé òun nìkan ló kù, á tún gbé àkànlò èdè kalẹ̀, á máa ka ẹ̀kọ́ tí Shenali kọ́ ọ. Ó jẹ oúnjẹ ẹni tó lé kúrò nídìí àwo.

Ìgbà ẹ̀fọn wá dé. Ibà ẹ̀fọn tó ń jẹ egungun dé ilé ibùgbé, Shenali ló sì kọ́kọ́ mú. Kò sẹ́ni tó mọ̀, nítorí ta ni yóò kan ìlẹ̀kùn ẹni tí kò sí?

Sewwandi ń gbé garawa omi kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìlẹ̀kùn yàrá wọn àtijọ́ ṣí díẹ̀.

"Sewwandi."

Ó dúró.

"Omi. Jọ̀ọ́. Mi ò lè dìde."

Omi kún garawa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé etí. Ó fẹ́ wọlé. Ó gbọ́ sálúbàtà Nirupa lórí àtẹ̀gùn, pàtì, pàtì. Ọmọ mi gbé garawa rẹ̀, ó sì kọjá.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, nígbà tó rò ó dé ibẹ̀ fún mi, mo ju àgbọn tí mò ń rin sílẹ̀. Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ pé kó o fi omi du ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ? Èmi ni? Ìyá ẹ ni?" Ajá ọ̀tá wa gan-an, bó bá yọ ahọ́n lẹ́nu ọ̀nà wa, a ń bu omi fún un. Ó ń sunkún. Mo ní kó sun ún dáadáa.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló rí Shenali nílẹ̀ balùwẹ̀, tó kígbe. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù. Ó pẹ́ kó tó padà, nígbà tó sì padà, ó ti rù bí igi ìdáná, ó sì ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Àwọn àgbà wo orí rẹ̀ tí kò ní dídì méjì mọ́, wọn kò lè wí nǹkan kan. Ìyà wo ló tún kù tí wọ́n fẹ́ fi jẹ ẹ́?

Ọjọ́ ìdánwò ẹnu pé. Yàrá ìsàlẹ̀ ni, ooru mú, wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé. Àwọn ọmọ tó ń dúró de ìpè jókòó lábẹ́ fèrèsé gan-an, Nirupa ló ń pe orúkọ lẹ́nu ọ̀nà. Shenali dá dúró lọ́hùn-ún lábẹ́ igi, orí rẹ̀ tó gé irun mọ́lẹ̀ ń dán nínú oòrùn.

"Sewwandi!"

Ó wọlé. Ìyáàfin Kumudini ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n èmi á fi ẹnu wa sọ ọ́ fún yín.

"'Fọ́ yìnyín.'"

Ọmọ mi là á bí ẹ̀pà. Ìtumọ̀ rèé, àpẹẹrẹ rèé: "Ọ́ńkù Neville bi opó pé èló ni pósí."

Ìyáàfin náà rẹ́rìn-ín. "Ó dára. 'Fi èjìká tútù hàn.'"

"Ìyàwó Ọ́ńkù Neville, títí di Ọdún Tuntun, torí ọjọ́ ìbí."

"'Ta garawa nípàá.'"

"Ajá Ọ́ńkù Neville, lọ́jọ́ Kérésìmesì."

Lábẹ́ fèrèsé, ẹnìkan sọ wúyẹ́wúyẹ́: "Ọ́ńkù Neville ti Shenali kọ́ nìyẹn?" Ẹlòmíràn ní, "Òun mà ni!" Ariwo kékeré yẹn dà bí ìgbà tí eṣú bà sórí ìrẹsì. Sewwandi gbọ́ ọ. Òógùn bọ́ sí i lójú.

Ìyáàfin Kumudini gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. "Ọkùnrin yìí dára púpọ̀. Ìbátan rẹ ni?"

"Rárá, Mà."

"Ará Bibile ni?"

"Rárá, Mà. Ará Negombo."

"Báwo lo ṣe wá mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀?"

 Ojú Nirupa ti yọ lójú fèrèsé, ó tín-ínrín bí ọ̀bẹ.

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kàn ń há nǹkan sórí," ni Ìyáàfin náà wí. "Mo fẹ́ tìẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwọ gan-an. 'Ju ènìyàn sábẹ́ bọ́ọ̀sì.' Ìtumọ̀?"

Ó sọ ọ́.

"Àpẹẹrẹ?"

Sewwandi wá a nínú orí rẹ̀. Ibẹ̀ ṣófo. Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ nídìí òkúta ìfọṣọ ni, kò sí Ọ́ńkù Neville níbẹ̀.

Irọ́ kan sáré wá bá a, irọ́ tó rọrùn bí omi: àbúrò mi fọ́ ìkòkò, ó ní èmi ni. Ṣe ni kó là á, kó yege, kó máa lọ. Ó ti la ẹnu. Ló bá wo ìta, ó rí orí tí kò nírun yẹn lábẹ́ igi. Shenali kò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀.

"Ẹnìkan kọ́ mi ní gbogbo àkànlò èdè tí mo mọ̀," ni Sewwandi wí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tò mọ́, kò sí èyí tó há sórí nínú rẹ̀. "Wọ́n gbọ́ ohùn mi. Ohùn tèmi ni. Wọ́n bèèrè ẹni tó sọ̀rọ̀, mo ní òun ni. Wọ́n gé e kúrò. Àìsàn ṣe é, ó ní kí n fún òun lómi, omi wà lọ́wọ́ mi, mo kọjá. Àpẹẹrẹ tèmi nìyẹn, Mà. Mi ò ní òmíràn."

 Ìyáàfin Kumudini kọ máàkì sílẹ̀.

"Ìtumọ̀ rẹ pé," ló wí. "Àpẹẹrẹ rẹ náà pé. Jáde kúrò níwájú mi."

Nirupa ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ lo ń pariwo Gẹ̀ẹ́sì nínú òjò lọ́jọ́ náà?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"O sọ mí di ọmọ ọlọ́dún kan! O jẹ́ kí n gé ẹni tí kò ṣẹ̀!"

"Èmi àti òun la jọ ń sọ ọ́, bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà, kí lẹ ń sọ nínú kíláàsì?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín! Ẹni yìí kò sí!"

"Shenali ńkọ́?" lẹ́nìkan bèèrè.

"Igi tí a ti gé, ta ló ń lẹ̀ ẹ́ padà?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ẹni méjì ni kò sí. Ọmọ mi yege o, wọ́n gbà á sí ẹ̀ka òfin. Bàbá rẹ̀ ra kéèkì fún gbogbo àdúgbò, Sewwandi jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ lójú wa, ó sì lọ bì í lẹ́yìn ilé.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé padà, ó gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ sí tábìlì Shenali. "Shenali, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n—"

Shenali dìde tàwo-tàwo. "Ààyè pọ̀ níbí. Wá tìẹ."

"Mo ti jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn."

"Mo gbọ́ ọ. O gba máàkì fún un."

Ó lọ jókòó lọ́nà jíjìn. Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ wò ó, àwọn tí kò sí ń jà!"

Ó pẹ́ díẹ̀, báńkì kan ní Colombo pe Nirupa fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe é. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá wù yín, èmi ti rẹ́rìn-ín tèmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sewwandi ń dá fọṣọ, ó rí òjìji agboòrùn lórí òkúta.

"Àbúrò." Nirupa ṣí omi ẹ̀rọ kejì kó pariwo. "Àwọn àkànlò yẹn. Kọ́ mi."

"Mi ò sí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ wí bẹ́ẹ̀."

"Má bá mi ṣe eré."

"Ohun tó wà lórí mi, kì í ṣe tèmi. Olóhun wà ní ilé oúnjẹ lójoojúmọ́. Ẹ lọ bá a níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, kẹ́ ẹ jókòó ní tábìlì rẹ̀."

"Ṣé ìwọ lò ń pàṣẹ fún mi, ọmọ àgbẹ̀?"

"Ẹ wá ẹlòmíràn nígbà náà."

Nirupa tu itọ́ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àìní kì í jẹ́ kí ìgbéraga pẹ́ nínú ènìyàn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó gbé àwo rẹ̀ kọjá láàárín ilé oúnjẹ, ó sì jókòó síwájú Shenali. Gbogbo ọwọ́ dúró nínú ìrẹsì.

"Àbúrò," Nirupa wí.  "Mo fẹ́ kí o kọ́ mi ní àkànlò èdè. Báńkì pè mí."

Shenali jẹ òkèlè ẹnu rẹ̀ tán. Kò kánjú. "Ta ló rán yín?"

Nirupa fi àgbọ̀n tọ́ka tábìlì Sewwandi. "Ó kọ̀ láti kọ́ mi. Ó ní tìẹ ni."

Shenali wo ibẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wojú Sewwandi láti ìgbà tó ti ọsibítù dé.

"Ẹ jẹun, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Ọ́ńkù Neville."

Nígbà tí olórí ti bá a jẹun, ta ló tún kù tí yóò ní kò sí? Kó tó di ọjọ́ kejì, tábìlì Shenali ti kún dẹ́múdẹ́mú, ẹ̀rín ń ta bí àgbàdo. Kò sẹ́ni tó rántí ti Sewwandi. Ẹni tó gba ẹlòmíràn sílẹ̀, kò ní ẹni tí yóò gba òun.

Ó ń jẹun lọ́jọ́ náà, ó tẹ orí ba. Ó rí ẹsẹ̀ ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Shenali ni, ife méjì lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìdí ìkòkò omi. Ó gbé ọ̀kan sílẹ̀ níwájú Sewwandi.

Kò jókòó. Kò rẹ́rìn-ín.

"Omi," ló wí, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Mo bi ọmọ mi pé, "Ṣé ó ti foríjì ẹ́ nìyẹn?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀, Màmá Àgbà. Ó ṣì ń fi èjìká tútù hàn mí títí di òní."

"O wá ṣe omi náà ní kí ni?"

"Mo mu ún. Mo mu ún tán, gbogbo rẹ̀, lójú rẹ̀. Mi ò tíì mu ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí."